Fíìmù Tí Kò Dúró Lọ́kàn Bàbá

Iná orí àpótí fíìmù náà di àwọ̀ ewé, àyà Ìbídùnní sì já.

Ilé mìíràn ní Ẹ̀pẹ́ Òkè ì bá ti pàtẹ́wọ́. Iná àwọ̀ ewé ni gbogbo ayé ń wá, torí òun ló ń sọ pé fíìmù téèyàn ti wò rí ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, pé ó lè tún un wò. Àwọn kan wà ládùúgbò tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n ń fi tipátipá sun oorun ọ̀sán nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń rìnrìn àjò tí kò nídìí nítorí wọ́n gbọ́ pé ìrìn àjò máa ń jẹ́ kéèyàn tètè gbàgbé nǹkan. Bí ẹni méjì bá pàdé lórí afárá, kí wọ́n tó béèrè ará ilé, wọ́n á kọ́kọ́ bi ara wọn pé, ṣé ó ti kúrò lọ́kàn? Èkejì á mi orí, á ní ó kù díẹ̀, orin ìparí rẹ̀ ni kò tíì lọ.

Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ àná ni Bàbá wo fíìmù yìí tán.

"Wọ́n ti ṣí i fún wa," ni Bàbá wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kúrò lórí awo pẹlẹbẹ tó wà níwájú àpótí, ó sì fẹ̀yìn ti àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ fún. "Ìyàwó mi, wá jókòó. Ó pẹ́ tí mo ti rí fíìmù yìí kẹ́yìn. Ọkọ ẹ ò tíì gbọ́njú nígbà yẹn."

Bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Òun àti Ìbídùnní nìkan ló wà nílé láti ìgbà tí Ọlátúbọ̀sún, ọkọ rẹ̀, ti lọ ṣiṣẹ́ lórí àwọn òpó tí afẹ́fẹ́ ń yí láàárín òkun láti mú iná mànàmáná wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú kó tó wọlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin sì ti lọ́kọ sí òkè Ọya. Ara bàbá náà le, ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń bú àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi sáré kọjá níwájú ilé. Tó bá jókòó tí kò sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ti ń jò nínú agbárí rẹ̀.

Àpótí náà mọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi èèyàn kó tó ṣí fíìmù téèyàn ti wò rí, kò sì sẹ́ni tó lè purọ́ fún un, torí awo pẹlẹbẹ yẹn ń ka àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá mọ̀ tó ní òun ò mọ̀, kíá ni yóò pariwo lé e lórí. Lọ́sàn-án yìí, ó bi Bàbá pé kí ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí obìnrin náà ń tù. Bàbá ronú, ó ní ẹja ni. Ó bi í pé kí ni obìnrin náà jù sómi. Bàbá ní àwọ̀n ni, kí ni wọ́n tún ń jù sómi? Nígbà tó bi í ní orúkọ obìnrin náà, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò bá obìnrin kankan da nǹkan pọ̀. Ìbídùnní kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ara àpótí náà ni wọ́n fín ọ̀rọ̀ kan sí, bí wọ́n ṣe fín in sára gbogbo àpótí tó wà nílùú: OHUN TÓ WÀ LỌ́KÀN, KÍ LOJÚ Ń WÁ? Bàbá fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe orin ní ìgbà èwe rẹ̀, tí wọ́n gbé pátákó kiri ìgboro títí wọ́n fi sọ ọ́ di òfin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló jókòó ti fíìmù kan ṣoṣo, tó ń wò ó ní àwòtúnwò, tí kò jẹ tí kò mu, títí wọ́n fi gbé e jáde nílé. Bàbá ní irú ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ògiri yàrá mọ́lẹ̀, omi ọ̀sà inú fíìmù náà tàn kálẹ̀, Bàbá sì gbàgbé pé ẹnì kankan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ìgbà náà ni Ìbídùnní rí iná kékeré mìíràn tó tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé náà. Ó pọ́n bí ìyeyè. Kò rí irú rẹ̀ rí.

Orin fíìmù náà ló fa Ìyá Dúrójayé wọlé láti ilé kejì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ pé àpótí ilé yìí ń ṣí, wọ́n á sì gbé àga wá, wọ́n á ní orí Bàbá yìí mà dára o, ọkàn rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Inú Ìbídùnní máa ń dùn nígbà yẹn. Ó tilẹ̀ ń yan ẹ̀pà fún wọn. Ó ń dùn ún báyìí tó bá rántí ẹ̀pà yẹn.

Ìyá Dúrójayé kò jókòó lónìí. Ó rí iná ìyeyè náà, ó di ọwọ́ Ìbídùnní mú, ó fà á gba ilé ìdáná kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà gbàà sínú agbada, kí àpótí má baà gbọ́ wọn.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹyẹ ò kí ń sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, àmọ́ màá sọ fún ẹ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé tiwa náà nìyẹn. Iná yẹn ti lọ sọ fún wọn. Lọ́la, wọ́n á rán ẹnì kan wá."

Ìbídùnní bi í pé ta ni wọ́n máa rán.

"Ará Ilé Ìsinmi ni. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ló máa bi Bàbá. Tí kò bá rántí, wọ́n á mú un lọ."

Ìbídùnní ti gbọ́ nípa Ilé Ìsinmi. Lórí òkè ló wà, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, wọ́n ní wọ́n ń fún wọn lẹ́ja tútù. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ fi tu ara rẹ̀ nínú.

"Wọ́n ń fún wọn lẹ́ja," ni obìnrin náà wí. "Mo lọ wo ọkọ mi níbẹ̀. Gbogbo fíìmù ló ń ṣí fún wọn, nítorí náà iwájú ògiri ni wọ́n ń gbé wọn jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Fíìmù kan náà ni wọ́n ń fi hàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kí n yẹ̀ fún òun, pé mo ń dí òun lójú." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ohun tí wọ́n bá bá lọ́kàn Bàbá ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Kò sọ nǹkan kan lóòótọ́, àmọ́ Ìbídùnní gbọ́. Jíjí fíìmù lójú oorun ni wọ́n ń pe ohun tó ní lọ́kàn láti ṣe. Ẹni tó bá sọ ìtàn fíìmù fún ẹni tó ń dúró kó kúrò lọ́kàn òun, wọ́n á gba àpótí ilé rẹ̀, wọ́n á sì mú un lọ kó yanrìn ní bèbè òkun. Kò bẹ̀rù yanrìn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá mú òun, ta ni yóò wà lọ́dọ̀ Bàbá? Tí kò bá sì ṣe é, kò ní sí Bàbá tí ẹnikẹ́ni máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti pe ọkọ rẹ̀ lójú òkun, ìjì ò jẹ́ kó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà di tòun nìkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rẹ ẹ̀wà, ó gbé àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sì bẹ Bàbá kó wá bá òun bó èèpo ẹ̀wà. Bàbá ní látìgbà wo ni wọ́n ti ń fi àgbà bó ẹ̀wà, àmọ́ ó jókòó, ó sì ń bó o dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan.

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fíìmù náà. Ó ní obìnrin atukọ̀ kan wà létí ọ̀sà, apá rẹ̀ le ju ti ọkùnrin lọ. Ọkùnrin kan ti ṣèlérí fún un pé òun á fẹ́ ẹ, ó sì bá ìlérí náà lọ sí òdìkejì omi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí atukọ̀ yìí wá gbé ìyàwó tuntun sọdá. Ó gbé e. Wọ́n dé àárín omi, ìyàwó tuntun dárúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, atukọ̀ sì gbọ́ pé ọkùnrin tòun ni.

Bàbá dáwọ́ ẹ̀wà bíbó dúró. "Ó dà á sómi?"

"Ohun tí gbogbo ayé rò nìyẹn, Bàbá. Adúmáadán atukọ̀ gbé àjẹ̀ sókè, ọkọ̀ dúró. Ìyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Adúmáadán bá tú gèlè orí ara ẹ̀, ó jù ú sómi, ó wá ní, 'Tó o bá délé, bá mi kí i.' Ló bá tún gbé àjẹ̀, ó sì tù ú dé èbúté."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bá mi kí i. Ó tún un sọ, ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà tó rín lánàá níwájú ògiri ni, ibi kan náà sì ni. Ìbídùnní wò ó, ó sì dùn ún wọra. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá yìí fẹ́ láyé ni kó rí gèlè yẹn lórí omi, òun sì ń fi ọwọ́ ara òun kọ́ ọ ní bí wọn ò ṣe ní fi hàn án.

Wọ́n tún un sọ. Nígbà àkọ́kọ́, Bàbá gbé ẹja sínú ọkọ̀ dípò ìyàwó. Nígbà tó yá, ìyàwó wọnú ọkọ̀, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìbídùnní wá sọ ọ́ di orin kékeré, òun á gbè, Bàbá á dá. Nígbà tí oòrùn fi máa kanrí, bàbá náà ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tiẹ̀ ń dá a lẹ́bi pé lọ́tẹ̀ yìí kò sọ ti apá obìnrin náà tó le. Ọkàn Ìbídùnní fúyẹ́ díẹ̀. Ó lọ fi ẹ̀wà náà se mọ́ínmọ́ín.

Obìnrin tí wọ́n rán wá dé bí wọ́n ṣe jẹun tán. Ìyáàfin Ṣówándé ló pe ara rẹ̀, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gbé àpò dúdú kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó béèrè àlàáfíà ara, ó bá a bú àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń sáré. Ìbídùnní ti múra sílẹ̀ de ẹni líle. Ìwà pẹ̀lẹ́ yìí ló wá dá kún ẹ̀rù rẹ̀, torí kò síbi tó ti lè bínú sí i. Obìnrin náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ ọwọ́, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà wọlé. Ó mú awo pẹlẹbẹ kan jáde láti inú àpò, ó gbé e lé orí itan Bàbá, ó sì gbé ọwọ́ Bàbá lé e.

Ó ní kí Ìbídùnní jókòó sí ọ̀ọ́kán, kó má sì sọ̀rọ̀.

Ó béèrè pé kí ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà. Bàbá ní ìyàwó tuntun ni, pé ará ibí wo ni kò mọ̀ ọ́n? Awo náà tàn, kò pariwo. Ó béèrè ohun tí atukọ̀ jù sómi. Bàbá ní gèlè ni, ó sì fi kún un láìsí ẹni tó bi í pé, bá mi kí i. Ìyáàfin Ṣówándé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Kí lorúkọ atukọ̀ náà?"

"Adúmáadán," ni Bàbá wí, láìronú rárá.

Awo náà ké. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀ pé orúkọ yìí kò sí nínú fíìmù náà.

Ojú Ìbídùnní ṣú. Ẹnu rẹ̀ ló ti wá. Orúkọ tí obìnrin inú fíìmù náà ń jẹ́ ni Bàbá sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí ìfẹ́ tó ní sí fíìmù náà. Ọmọ yẹn, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni Ìbídùnní bá nílé nígbà tó wọlé ọkọ, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Adúmáadán ló ń pè é, torí dídú rẹ̀ tó ń dán. Láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ ni orúkọ gidi náà kò ti jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tó wá ń sọ ìtàn létí omi ẹ̀rọ, ahọ́n rẹ̀ ti gba ọ̀nà tó mọ̀ lọ, kò tiẹ̀ fura.

Ìyáàfin Ṣówándé wo Bàbá, ó wá yí ojú sí Ìbídùnní, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ta ló ń jẹ́ Adúmáadán, Bàbá?"

"Ọmọ mi obìnrin ni. Ìyàwó mi tó jókòó yìí ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù láti pa mọ́. Ìbídùnní kúnlẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé lèmi ń pe àbúrò ọkọ tèmi," ni Ìyáàfin Ṣówándé wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ti di ìyá àgbà báyìí, Akọ̀wé náà ni mo ṣì ń pè é." Ó fọwọ́ nu awo náà. "Wọ́n gbà ká fi ọ̀nà mìíràn bi ìbéèrè kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàbá, ìyàwó yín ń pè é ní Adúmáadán. Ẹ̀yin tí ẹ bí i, kí lẹ sọ ọ́?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí awo. Ó wo ògiri tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ìbídùnní ń wo ètè rẹ̀, orúkọ náà sì ń gbóná lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ jáde. Ó di eyín.

"Ìyá ẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "A jókòó síbí, oyún wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ju gèlè yẹn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní tó bá jẹ́ obìnrin, Mojísọ́lá ni."

Iná pupa tàn lórí awo náà. Ohùn inú rẹ̀ ní: "Fíìmù yìí ṣì wà lọ́kàn yín. Ẹ ní sùúrù." Iná ìyeyè orí àpótí kú. Bóyá Ìbídùnní ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Ẹ̀pẹ́ tó máa sunkún ayọ̀ nítorí iná pupa.

Ìyáàfin Ṣówándé kó nǹkan rẹ̀ sínú àpò. Ó ní àpótí kò ní ṣí fíìmù náà mọ́ títí òjò tó ń bọ̀ fi máa dá, òun á sì padà wá nígbà yẹn. Ìbídùnní sìn ín dé ẹnu afárá, kò rí ọpẹ́ kankan sọ tí kò ní jẹ́ ìjẹ́wọ́. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èèpo ẹ̀wà pọ̀ lẹ́yìnkùlé yín, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù. Ibi tí omi ẹ̀rọ bá ti ń ṣòfò lọ́sàn-án, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀." Ó gbé àpò kọ́ apá. "Tí ẹ bá tún fẹ́ bó ẹ̀wà, ìyàwó ilé bíi tèmi, ẹ máa pe orúkọ gidi."

Ó lọ. Nígbà tí Ìbídùnní wọlé, Bàbá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú àpótí, iná pupa sì ń wò ó. Ó béèrè pé kí ló dé tí wọn ò ṣí i, ó ṣe tán ó ti pẹ́ tí òun ti rí fíìmù náà kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùnní kò lè wo ojú náà. Ó fà á lọ́wọ́ dìde, ó ní kí wọ́n jáde sí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́, òun ní ìtàn kan tí òun fẹ́ sọ fún un.

Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣí omi ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń dẹtí, ó sì bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀ nínú ọkàn pé kó má bínú. Orúkọ náà wúwo lórí ahọ́n rẹ̀, àmọ́ ó jáde.

"Obìnrin atukọ̀ kan wà létí ọ̀sà, Bàbá. Mojísọ́lá lorúkọ ẹ̀."

Bàbá tẹ́tí, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ohun tó gbọ́.

"Orúkọ yẹn dára o," ni ó wí. "Ta la mọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìbídùnní ṣí omi náà sí i kó lè pariwo dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.